Àmì Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìdodo

Ràódàt tú ìró rẹ̀ díẹ̀, ó sì fi ìka tọ́ka síbẹ̀. Àmì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdodo rẹ̀ lápá òsì. Etí rẹ̀ pupa, àárín rẹ̀ dúdú, kò tóbi ju hóró ẹ̀wà kan lọ.

"Ìgbà wo lo kọ́kọ́ rí i?" mo bi í.

"Ọjọ́ kejì tí oyún náà bàjẹ́, mà. Ìyá ọkọ mi ń fi omi gbígbóná nù mí lára, ló bá figbe ta."

"Oyún oṣù mélòó?"

"Oṣù márùn-ún." Ó so ìró rẹ̀ padà. "Ibi tí àjẹ́ ti fẹnu fà á mu nìyẹn, mà. Gbogbo èèyàn ló sọ bẹ́ẹ̀."

Òun ni obìnrin kẹta tó ṣí ikùn hàn mí láàárọ̀ ọjọ́ Túsìdeè yẹn, àmì kan náà ló wà lára àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Obìnrin kẹrin, Tolúwalàṣẹ, ti bá oyún tirẹ̀ lọ láti oṣù Keje. Ẹnu rẹ̀ ni ǹ bá fẹ́ gbọ́ jù, òun ni n kò sì lè bi ní nǹkan kan.

Oṣù Kẹwàá ọdún 1988 ni. Àwọn obìnrin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló jọ ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù Anas ní Sábó, ní Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí wọ́n ti ń ṣe èèpo rọ́bà tí àwọn èèyàn fi ń bo Kùránì àti Bíbélì. Rúùtù, tí gbogbo ayé ń pè ní Ìyá Dámisí, ni olórí àwọn òṣìṣẹ́ níbẹ̀. Wòlíì ìjọ rẹ̀ gan-an ló kọ́kọ́ rí i lójú ìran pé Ìyá Dámisí ló ń jẹ oyún wọn. Adéṣínà, awakọ̀ tó jẹ́ ọkọ Tolúwalàṣẹ, ló wá kó èèyàn jọ. Wọ́n ní tí obìnrin náà bá ṣì wà nílùú títí di ọ̀sán ọjọ́ Sátidé, àwọn yóò sun ún mọ́lé.

Ọ̀gá ọlọ́pàá mi ní Ọ̀yọ́ ló rán mi wá. Ó ní, "Safurat, ọ̀rọ̀ obìnrin ni, ìwọ ni kó o lọ." Bí wọ́n bá jí màlúù, ṣé màlúù ló máa ń rán lọ? Ṣùgbọ́n n kò sọ ọ́ síta, nítorí mo mọ̀ pé ọkùnrin kankan nínú wa kò ní rí ikùn Ràódàt láéláé.

Àgọ́ ọlọ́pàá ni wọ́n fi Ìyá Dámisí pamọ́ sí kí wọ́n má bàa pa á. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ká ọwọ́ lé itan. Obìnrin tó sún mọ́ ọgọ́ta ọdún ni, gèlè funfun rẹ̀ kò yẹ̀.

"Ẹ kú ìjókòó, Màmá."

"O ṣeun, ọmọ mi. Kú iṣẹ́."

"Wọ́n ní ẹ máa ń fọwọ́ kan ikùn àwọn aboyún."

"Mo máa ń gbàdúrà sí i ni."

"Wọ́n ní ẹ ń fún wọn lágbo."

"Àgbo aboyún ni. Òun ni ìyá mi fún mi mu. Mo fún ìyàwó Dámisí ọmọ mi mu, ọmọ tó bí ti ń sáré kiri."

"Ta ni ọ̀tá yín?"

"Títí di ọ̀sẹ̀ tó kọjá, n kò ní."

Mo tẹjú mọ́ ọn. Nínú iṣẹ́ wa, ìbéèrè kan wà tí a máa ń jù sílẹ̀ lójijì kí a lè rí ojú ẹni tó bọ́ sí lára. "Màmá, ṣé ẹ̀yin lẹ pa wọ́n?"

Ojú rẹ̀ kò yẹ̀. Omi kàn lé ròrò sí i ni. "Èmi náà ti ń bi ara mi, ọmọ mi. Mẹ́rin, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí mo fọwọ́ kàn. Tó bá wá jẹ́ pé àjẹ́ ni mí lóòótọ́, tí n kò mọ̀ ńkọ́?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo ti bi apànìyàn léèrè ọ̀rọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí èyí tó fi irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ dá mi lóhùn rí. Ní ti àwọn ará ìlú, ẹjọ́ ti parí: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Òwe náà dùn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n òwe ni, kì í ṣe ẹ̀rí.

Mo kọ́kọ́ tẹ̀lé àgbo náà. Obìnrin mẹ́fà ní àdúgbò Ìyá Dámisí ló ti mu ún láàárín ọdún méjì, àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló bímọ láyọ̀. Mo rí ọmọ wọn, èyí tó kéré jù níbẹ̀ tọ̀ sí mi lára. Ọ̀nà àgbo ti dí nìyẹn, ó sì ku ọjọ́ mẹ́ta.

Ní ọjọ́ Wẹ́sìdeè, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù Anas. Òórùn tínà, epo tí àwọn akunlé fi ń po ọ̀dà, ló kọ́kọ́ kí mi. Anas jẹ́ ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan, Sábó ni wọ́n bí i sí, ó gbọ́ Yorùbá ju èmi lọ. Ó mú mi wọ yàrá inú, wíńdò kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni wọ́n tì pa nítorí eruku.

Ẹ̀rọ náà wà láàárín yàrá, ó tóbi tó kọ́bọ́ọ̀dù. Àwo idẹ méjì ló wà níwájú rẹ̀, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Àga onítìmùtìmù kan wà níwájú àwo idẹ náà, ó sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé ikùn ẹni tó bá jókòó yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ kan idẹ. Nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga náà, mo rí àmì róbótó kan lórí símẹ́ńtì, bí ibi tí wọ́n ti ń gbé abọ́ kalẹ̀ lójoojúmọ́.

"Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́?"

"Ẹ fi rọ́bà sáàárín, ẹ fẹsẹ̀ tẹ ibí yìí, ẹ ka èjì, ẹ̀ta, ó ti lẹ̀ mọ́ra. Iná mànàmáná ló fi ń lẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ẹ ò ní rí iná kankan."

Ó fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ náà kùn bí agbo oyin. Ibi tí mo dúró sí, mo rí i tí nǹkan kan mọ́lẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ojú mi. Gílóòbù funfun gbọọrọ kan tí wọ́n jù sórí pákó ara ògiri ni. Kò sí wáyà lára rẹ̀, kò sí ohun tó so ó mọ́ ibi kankan, ó sì ń tàn.

Gbogbo irun ara mi ló dìde. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka Áyátúl-Kúrísíyù lọ́kàn.

"Anas, kí nìyẹn?"

"Ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá. Àwọn òṣìṣẹ́ ní ànjọ̀nnú ló wà nínú rẹ̀. Wàlláhì, mo ní kí wọ́n gbé e dànù, kò sẹ́ni tó fẹ́ fọwọ́ kàn án."

Ẹ̀rù bà mí, n kò ní parọ́. Ṣùgbọ́n mo ní kó gbẹ́sẹ̀ kúrò. Gílóòbù náà kú. Mo ní kó tẹ̀ ẹ́ padà. Ó tàn. A ṣe é nígbà mẹ́rin. Mo wá sọ lọ́kàn mi pé ànjọ̀nnú tó ń tẹ̀lé àṣẹ ẹsẹ̀ Anas báyìí, ẹ̀rọ Anas ló bí i. Ohun kan ń jáde lára àwo idẹ yẹn tí ojú kò rí, ó sì ń dé ara ògiri. Tó bá dé ara ògiri, ó ti gba ara ẹni tó jókòó kọjá.

"Ta ló ń jókòó síbí?"

"Ẹnikẹ́ni tí Ìyá Dámisí bá yàn."

"Àwọn tí kò lóyún náà ń jókòó síbẹ̀?"

"Wọ́n ń jókòó síbẹ̀."

Mo pè wọ́n wọlé, mo ti ilẹ̀kùn mọ́ Anas síta, mo sì wo ikùn wọn. Kò sí àmì lára ẹnikẹ́ni. Ibi tí ẹ̀rọ ìrònú mi ti kọ́kọ́ há nìyẹn. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ ló ń jó èèyàn, kí ló dé tó fi ń ṣa aboyún nìkan jó? Kí ni aboyún máa ń gbé kiri, yàtọ̀ sí ọmọ, tí obìnrin mìíràn kì í gbé?

Mo bú sẹ́rìn-ín lójijì, àwọn obìnrin náà rò pé orí mi ti dàrú. Ìyá tèmi náà ti fi pínnì sí mi láṣọ nígbà oyún àkọ́kọ́ mi, ó ní aboyún kì í rìn lọ́sàn-án gangan láìní pínnì lára, kí ẹ̀mí burúkú má bàa wọlé sí ọmọ inú. Ibi tí a ti ń so ìró gan-an ni a máa ń fi pínnì náà há, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdodo.

Mo yá pínnì kan, mo fi há ìró mi, mo sì jókòó sórí àga náà. Mo fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Kò sí nǹkan. Lẹ́ẹ̀kẹta, irin náà ti gbóná. Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀karùn-ún, ó jó mi bí ìgbà tí ìjàlọ bá buni jẹ, mo sì fò dìde. Nígbà tí mo ṣí aṣọ wò, àmì pupa kan ti wà níbẹ̀, kò tóbi ju hóró ẹ̀wà lọ.

Ohun tí wọ́n fi ń dáàbò bo ọmọ ló sàmì sí wọn lára. Ọ̀rọ̀ ẹnu àjẹ́ ti parí lójú tèmi. Ṣùgbọ́n pínnì kì í ba oyún jẹ́. Ohun tó mú pínnì gbóná ni mo ń wá, n kò sì tíì mọ̀ bóyá òun lapànìyàn.

Dókítà Oyèdèjì ló tọ́jú Tolúwalàṣẹ lálẹ́ tó kú. Ó gbọ́ mi títí, kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ìnsípẹ́kítọ̀, irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè mú ara gbóná láti inú wá, kí awọ ara má tilẹ̀ mọ̀. Kò dára fún aboyún. Ṣùgbọ́n kí mẹ́rin nínú mẹ́rin bàjẹ́? Ó pọ̀ jù."

"Òórùn tínà tún wà níbẹ̀."

Ó gbé bírò sílẹ̀. "Tínà ń gba imú wọlé, ó ń gba awọ ọwọ́ wọlé. Òun náà kò dára. Nǹkan méjì lè wà tí ara lè gba ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ra. Tí wọ́n bá pàdé nínú ara kan náà, kí agbára wọn má jẹ́ méjì mọ́, kó di mẹ́wàá. Àwọn onímọ̀ ṣì ń wádìí irú rẹ̀. N kò lè fi í búra ní kóòtù fún yín."

"Kì í ṣe kóòtù ló ń dúró dè mí, Dókítà. Kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróòlù ni."

Ní ọjọ́ Tọ́sìdeè, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ọ̀yọ́. Anas ní ẹ̀rọ kejì níbẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń bójú tó, ọjọ́ kan náà ni wọ́n rà wọ́n. Obìnrin tó ń tẹ̀ ẹ́ ń jẹ́ Bushrah. Ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, ó sì pọn ọmọ oṣù mẹ́rin kan sẹ́yìn.

"Ṣé o jókòó sídìí ẹ̀rọ yìí nígbà tó o lóyún?"

"Títí di ọ̀sẹ̀ tí mo bí i, mà."

"Jọ̀ọ́, jẹ́ n rí ikùn rẹ."

Ó wò mí bíi pé orí mi kò pé, ṣùgbọ́n ó tú ìró. Àmì wà níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdodo, ó ti jinná, àpá rẹ̀ ló kù. Ọmọ náà sì ń jẹ ìka lẹ́yìn rẹ̀, ó sanra bí ọmọ olówó.

"Ṣé o mọ Ìyá Dámisí?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n rí, mà."

Mo fa èémí sínú. Eruku nìkan ni mo gbóòórùn. "Tínà yín dà?"

"A kì í lò ó níbí. Tá a bá ti lẹ̀ ẹ́ tán, a máa ń dì í ránṣẹ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Àwọn ló ń fi tínà nu etí ẹ̀ kó lè dán."

Ẹ̀rọ nìkan, ọmọ yè. Ó wá ku tínà nìkan. Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, mo lọ bá Kabir tó ń rán bàtà ní ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù Anas. Inú dúrọ́ọ̀mù kan náà ni òun àti Anas ti ń bu tínà. Ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í, ó ń fi tínà fọ ìsàlẹ̀ bàtà, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń ṣe é láti ọdún mẹ́rin. Ọmọ méjì ló ti bí láàárín rẹ̀, n kò sì rí àléébù lára wọn.

Nígbà náà ni mo rántí àmì róbótó orí símẹ́ńtì. Mo padà sọ́dọ̀ Anas.

"Ibo lẹ ti ń fi tínà nu rọ́bà?"

"Ìta, lábẹ́ àtíbàbà. Òórùn rẹ̀ le."

"Nígbà náà, ta ló ń gbé abọ́ rẹ̀ wọ yàrá ẹ̀rọ?"

Ó họ orí. "Ìyẹn? Ìyá Dámisí ni. Tí ọ̀kan nínú wọn bá lóyún nìkan ni. Ó ní aboyún kì í ru ẹrù, kò yẹ kó máa dúró, kò yẹ kó máa rìn wọlé rìn jáde. Ló bá ní kí aboyún máa jókòó sórí àga onítìmùtìmù yẹn, kó máa lẹ̀ ẹ́, kó sì máa nù ún lójú kan náà. Ó máa ń ti ilẹ̀kùn pàápàá kí atẹ́gùn má fẹ́ sí wọn."

Ẹ̀rọ wà nínú ilé, tínà wà níta, wọn kì bá tí pàdé láé. Àánú ló lọ gbé ọ̀kan wá bá èkejì. Gbogbo obìnrin tó bá ti lóyún, ìyá arúgbó yẹn á fà á lọ́wọ́, á gbàdúrà sí i níkùn, á sì fi í jókòó sójú ikú.

Mo ti tú àdììtú náà, inú mi kò dùn rárá. Mo pinnu lóru ọjọ́ náà pé èmi yóò sọ gbogbo rẹ̀ fún àwọn èèyàn, àfi ẹni tó gbé tínà wọlé.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé, èèyàn kún iwájú ṣọ́ọ̀bù Anas bámúbámú. Ọlọ́pàá mẹ́rin péré ni wọ́n fún mi. Ìyá Dámisí, tí mo mú wá láti àgọ́ ọlọ́pàá, jókòó sórí àpótí láàárín wọn. Adéṣínà dúró níwájú, kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n bí ojú ẹni tí kò sùn láti oṣù Keje.

"Ìnsípẹ́kítọ̀, ẹ kúrò lọ́nà. Àjẹ́ yẹn ló jẹ ìyàwó mi."

"Wọlé wá ná," mo ní, mo sì tọ́ka sí ìyá àgbà mẹ́ta nínú èrò. "Ìwọ àti àwọn ìyá mẹ́ta yìí."

Mo gbé gílóòbù gbọọrọ náà lé e lọ́wọ́. "Wò ó dáadáa. Ṣé wáyà wà lára rẹ̀?"

"Kò sí."

Mo ṣẹ́jú sí Anas. Ó fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ. Gílóòbù náà tàn gbòò lọ́wọ́ Adéṣínà. Igbe ta nínú yàrá, àwọn tó ń yọjú lẹ́nu ọ̀nà tú ká, ìyá kan ń pe Jésù, èkejì ń pe Ọlọ́hun. Adéṣínà nìkan ni kò sá. Ó di gílóòbù náà mú, ojú rẹ̀ kò kúrò lára ìmọ́lẹ̀ náà.

"Ohun tó ń tàn lọ́wọ́ rẹ yẹn," mo ní, "ń gba ara ẹni tó bá jókòó síbí kọjá."

Mo wá ké sí Bushrah tí mo mú wá láti Ọ̀yọ́. Ó fi ikùn rẹ̀ han àwọn ìyá mẹ́ta náà, ó sì gbé ọmọ rẹ̀ lé ọ̀kan nínú wọn lọ́wọ́. Wọ́n wo àmì, wọ́n wo ọmọ.

Mo jáde sí iwájú èrò. "Ẹ gbọ́. Pínnì tí aboyún fi há aṣọ ló gbóná tó sàmì sí wọn lára. Bushrah ní àmì náà, ọmọ rẹ̀ rèé, kò sì mọ Ìyá Dámisí rí. Ẹ̀rọ nìkan, òun bímọ. Tínà nìkan, ìyàwó Kabir bímọ. Lára àwọn obìnrin mẹ́rin yìí nìkan ni méjèèjì ti pàdé pọ̀. Dókítà ní òun kò lè fi í búra, èmi náà kò lè fi í búra. Ṣùgbọ́n èmi kò rí àjẹ́ kankan nínú rẹ̀. A ti ti yàrá yìí pa."

Ariwo lọ sílẹ̀. Adéṣínà ti jáde, gílóòbù náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ta ló kó méjèèjì pàdé lára ìyàwó mi?" ó bi mí.

"Bí iṣẹ́ ṣe rí ni," mo ní.

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀," Ìyá Dámisí sọ.

Mo yí padà. Ó ti dìde lórí àpótí. Mo mi orí sí i pé kó dákẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ojú, ó rí mi, kò gbà.

"Èmi ni mò ń gbé tínà náà wọlé fún wọn. Àwọn tó kù, ìta ni wọ́n ti ń nù ún. Èmi ni mo ní kí àwọn aboyún jókòó sídìí ẹ̀rọ, kí wọ́n má bàa máa dìde. Èmi ni mo fi Tolúwalàṣẹ síbẹ̀, Adéṣínà. Mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn."

Ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́pàá mi mú kóńdó rẹ̀ dání. Adéṣínà wo kẹ́ẹ̀gì, ó wo obìnrin náà, ó sì rìn lọ bá a títí ó fi kù díẹ̀ kí imú wọn kan ara wọn. Mo ti ń lọ sí ọ̀dọ̀ wọn nígbà tó sọ̀rọ̀.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ní kó jókòó?"

"Ó ní ẹ̀yìn ń dun òun. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú."

"Ṣé ó sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?"

"Ó sunkún lọ́wọ́ mi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn."

Ọkùnrin náà gbé ọwọ́ bo ojú. Ohùn rẹ̀ kéré débi pé àwa tó sún mọ́ ọn nìkan la gbọ́ ọ.

"Ó kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi nílé, mà. Mo ní ọ̀lẹ ni, kó máa lọ síbi iṣẹ́ ẹ̀."

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú eruku, Ìyá Dámisí náà sì jókòó tì í, ó fa orí rẹ̀ mọ́ra bí ẹni pé òun ló bí i. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ní méjì méjì, kò sẹ́ni tó wo ojú ẹnì kejì rẹ̀.